Fóònù Tí Kọ̀ǹpútà Gbà Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Nígbà tí fóònù oníwáyà ṣì wà nílé èèyàn kọ̀ọ̀kan l'Ókìtìpupa, mo jókòó sẹ́yìn obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Akótógbó.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fi epo tí mò ń sè sílẹ̀ lórí iná, tí mo lọ pè ẹ́ lọ́dọ̀ oníkóòlù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà, ẹnì kan wà lórí fóònù ẹ."

"Kọ̀ǹpútà mi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló ń gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wáyà fóònù yẹn ló sì ń gbà. Tí mo bá já a, àwọn tó wà lókè òkun ò ní rí i gbọ́. Màmá gan-an ló lé orin náà nígbà tí a gbà á sílẹ̀, tí ara wọn ṣì le."

"Màmá fẹ́ gbọ́ ohùn tìẹ. Nígbà tí mo fi máa padà délé lẹ́ẹ̀kẹta, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ni mo bá wọkọ̀ wá mú ẹ."

A ti kọjá Òde-Ìrèlè kí obìnrin náà tó bi í pé:

"Èèyàn mélòó ló ti gbọ́ orin ọ̀hún?"

"Ẹnì kan."

"Ta ni?"

"Èmi ni. Mo lọ sí káfé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́."