Sípíríìnì Tí Wọ́n Fi Iná Gé

Ohun tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Ìsọlọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń bà mí lẹ́rù. Ọkùnrin kan wá gba ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n bá òun sọ iwájú rẹ̀ kalẹ̀, kó má máa fì ní kọ́nà mọ́.

Mẹkáníìkì náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó! Ó lúgọ bí ẹkùn."

"Ó rẹwà o. Àwọn ọmọ mi ni màá fi gbé lọ sí Abẹ́òkúta lọ́sàn-án yìí. Sípíríìnì wo lo fi sí i?"

"Tiyín náà ni. Mo kàn gé e kúrú ni."

"Kí lo fi gé e?"

"Iná gáàsì ni."

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Iná kẹ̀? Iná ti gba agbára irin náà nìyẹn! Tó bá kán lórí eré ńkọ́?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó tó ọkọ̀ mẹ́wàá tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò padà wá ṣàròyé."

"Ṣé o ti rí ìkankan nínú wọn látìgbà náà?"

Mẹkáníìkì mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò padà wá ṣàròyé. Nígbà tí ọkọ̀ tèmi dojú dé nígbà kan rí, èmi náà ò padà lọ bá ẹni tó tún un ṣe. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù ni mo wà.