Mo Ba Jẹ́sì Jẹ́, Mo Ba Orúkọ Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ń kó káàdì họ́kì jọ ní Thunder Bay, èmi Verna Sawchuk ni mo dìde yìí. Dókítà kò fi bò fún mi: ó ní kí n má wulẹ̀ ra ẹ̀wù òtútù fún ọdún tó ń bọ̀. Kí èémí mi tó tán, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu èmi fúnra mi pé irọ́ ni mo pa nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, níwájú ọgọ́ta ènìyàn, irọ́ náà ló sì lé ọkùnrin olóòótọ́ kan kúrò nílùú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dópin kí ẹ tó bínú. Bí mo bá dánu dúró, ikọ́ ni, kì í ṣe pé mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà.

Ìránṣọ ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ káàdì Murdo Baxendale, nítòsí èbúté tí wọ́n ti ń da ọkà sínú ọkọ̀ ojú omi. Èmi ni mo ń gé jẹ́sì tí àwọn eléré ti wọ̀ gbá họ́kì sí wẹ́wẹ́, tí mo ń lẹ̀ ẹ́ sáàárín káàdì, kí ẹni tó bá já páálí rẹ̀ lè fọwọ́ kan aṣọ tí òógùn akọni rẹ̀ gbẹ sí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ọdún burúkú yẹn dé, tí àwọn eléré àti àwọn olówó ẹgbẹ́ jà, tí ẹnikẹ́ni kò gbá họ́kì láti ìgbà ìwọ́wé títí yìnyín fi yọ́. Ẹnu ìyẹn la wà tí ìròyìn fi dé pé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àjọ líìgì yóò máa fún ní ìwé àṣẹ láti ṣe káàdì. Kì í ṣe tiwa. Murdo ju lẹ́tà náà sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wa o. A ò gbọdọ̀ tẹ àmì ẹgbẹ́ mọ́, a ò gbọdọ̀ tẹ orúkọ ẹgbẹ́ mọ́. Aṣọ tó wà lọ́rùn eléré gan-an, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó hàn.” Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní, “Ọ̀gá, ṣé ká wá tẹ̀ wọ́n níhòòhò ni?” Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Àwa mọ́kànlá di mẹ́rin. Ẹ̀yin náà kò gbàgbé. Àwọn tó ti ń to káàdì wa léra láti ọdún dé ọdún rí i pé okùn ti já. Wọ́n sọ wá ní oníkáàdì ọmọ òrukàn, nítorí káàdì wa kò ní ilé, kò ní orúkọ ìdílé. Ọ̀nà kan ló kù: àwọn eléré àtijọ́ tó ti kú, tí wọ́n gbá họ́kì fún ẹgbẹ́ tó ti túká, tí ìwé àṣẹ ẹnikẹ́ni kò kàn. Báyìí ni Murdo ṣe lọ bá Aili Lampela, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tó kọ́ ìdajì ìlú yìí ní ìṣirò. Bàbá rẹ̀, Eino Lampela, ni gólkípà ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté kí adágún tó gbé e lọ.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló gbé jẹ́sì náà wá, nínú àpò ìrọ̀rí. Pupa ni, irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún. Ó ní, “Verna, etí ẹ̀yìn nísàlẹ̀ nìkan ni kó o gé o. Ìyókù, èmi ni mo ni ín, òun ni wọ́n máa tẹ́ sórí pósí mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí bàbá mi lọ. Òórùn rẹ̀ ṣì wà ní ọrùn aṣọ yìí.” Mo ní, “Tíṣà, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹyin ni màá ṣe gbé e.” Nígbà tó lọ tán, mo rí i pé etí aṣọ náà dọ̀tí, lẹ́ẹ̀ kò sì ní mú un. Etí nìkan ló yẹ kí n fi ọwọ́ ṣàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ káàdì ń dúró dè mí, mo sì ń kánjú. Mo rọ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo ṣí omi gbígbóná sí i, mo lọ jẹ pásíàn, àkàrà dídùn ìlú wa, mo mu kọfí tì í. Ìránṣọ wo ni kò mọ̀ pé irun àgùntàn àti omi gbígbóná kì í ṣọ̀rẹ́? Mo mọ̀. Nígbà tí mo fi máa padà dé, aṣọ géńdé ti di aṣọ ọmọ ọwọ́, ó sún kì, ó le gbandi bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà.

Títí dé ibẹ̀, àṣìṣe ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti di ẹ̀ṣẹ̀. Mo lọ sí ilé ìtajà aṣọ ògbólógbòó ní òpópónà Simpson, mo ra súwẹ́tà pupa kan tó jọ ọ́. Mo sè é nínú tíì, mo fi í ha ilẹ̀ sìmẹ́ńtì títí ó fi gbó. Mo tú àmì ẹgbẹ́ àti nọ́ńbà kúrò lára ti Lampela, mo rán wọn mọ́ ọn. Mo wá gé etí rẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún, ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí èékánná àtàǹpàkò, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ káàdì tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ pé, “A jẹ́rìí pé Eino Lampela fúnra rẹ̀ ló wọ aṣọ yìí gbá họ́kì.” Ìyókù ni mo gbé padà fún Tíṣà. Ó gbé ọrùn rẹ̀ símú. Ó ní, “Òórùn bàbá mi ti lọ.” Mo ní, “Ọṣẹ ni, Tíṣà. Ó máa padà.” Ẹ gbọ́ ohun tí èmi àgbàlagbà sọ fún ọmọ òkú: ó máa padà! Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Rosaire Quesnel ló rí i. Ilé ọkà ni Rosaire ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ̀ bá Lampela gbá họ́kì, kò sì sí ohun tó jẹ mọ́ Lampela tí Rosaire kò ní. Kò pariwo. Èmi ló kọ́kọ́ wá bá, lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdé, ó bọ́ fìlà lórí. “Màmá Verna, ẹ má bínú o. Mo fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ inú káàdì yìí, mo sì ṣáná sí i. Irun àgùntàn a máa rùn bí irun orí tó jóná, á sì di eérú. Èyí yọ́, ó kán tó bí rọ́bà. Nígbà ayé Lampela, ta ló ń fi rọ́bà hun jẹ́sì? Bóyá ẹnì kan ló pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ṣe irú ẹ̀.” Ọ̀nà àbáyọ ló là fún mi yẹn, ó sì là á gbòòrò. Mo ní, “Rosaire, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi.”

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Murdo. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, “Verna, wojú mi. Àwọn tó gba ìwé àṣẹ ní àmì ẹgbẹ́, wọ́n ní gbogbo eléré tó ń mí. Kí làwa ní? Ọ̀rọ̀ ẹnu wa nìkan. Ṣé aṣọ Lampela ni àbí òun kọ́?” Mo ní òun ni. Ó ní kí n búra. Mo fi sàréè ọkọ mi búra. Murdo gbà mí gbọ́, nítorí náà ẹ má dá a lẹ́bi. Òun ló wá sọ fún ẹgbẹ́ yín pé bí aṣọ bá ti yàtọ̀, a jẹ́ pé Rosaire ló ṣí káàdì, tó pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn oníjìbìtì kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kò sì ní ọ̀daràn tó jùyẹn lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni ìpàdé náà. Alága ìgbà yẹn gbé káàdì náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Mìsísì Sawchuk, ẹ̀yin lẹ lẹ̀ ẹ́. Ẹ bá wa wò ó.” Mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Lẹ́ẹ̀ mi ni mo rí. Ìgé mi ni mo rí, tó máa ń tẹ̀ sápá òsì díẹ̀ nítorí oríkèé ọwọ́ tó ń dùn mí. Rosaire ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé ìdáǹdè òun ti dé. Mo gbé ojú sókè, mo ní, “Lẹ́ẹ̀ mi kọ́ nìyí. Wọ́n ti ṣí káàdì yìí.”

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn pé, “Olè!” Tíṣà Lampela dìde, ó ní, “Rosaire, bàbá rẹ wà lára àwọn tó wá òkú bàbá mi nínú adágún. Kí ni mo fi ṣe ọ́?” Èmi ni Rosaire yíjú sí. “Màmá Verna, ẹ mọ̀.” Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí kò gbọdọ̀ tẹ́ tábìlì ta káàdì síbí mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ọkà bẹ̀rẹ̀ sí í ti dúrọ́ọ̀ wọn pa bó bá wọlé. Kí yìnyín tó yọ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí Winnipeg.

Mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí iṣẹ́ àwa mẹ́rin ni mo ṣe pa irọ́ náà. Irọ́ nìyẹn náà. Ojú ló ń tì mí. Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, Murdo ti ilẹ̀kùn pa, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Tíṣà kú, wọ́n tẹ́ súwẹ́tà ọlọ́jà sórí pósí rẹ̀. Mo wà ní ìjókòó kejì, mo ń kọrin. Jẹ́sì tòótọ́, bó ṣe rí yẹn, mo ti fi ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Kò tíì fèsì.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo pe Rosaire. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, Ó ní, “Ọdún mẹ́rìnlá. Ìyàwó mi gan-an bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá mo ṣe é.” Mo bú sẹ́kún. Ó ní, “Ẹ má sunkún sí mi létí, Mìsísì. Èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ sọ fún.” Kò sọ pé òun dárí jì mí. N kò sì lẹ́nu láti bi í.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó síbí, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ènìyàn láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ á sì wó. Ẹ jẹ́ kó wó. Lọ́jọ́ tí mo ba aṣọ yẹn jẹ́, bí mo bá ti sọ fún Tíṣà pé, “Mo bà á jẹ́,” yóò sunkún, yóò bú mi, bóyá kò ní kí mi mọ́ láé. Gbogbo ohun tí ìbá ná mi nìyẹn. Àánú yín ni mo ń tọrọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ìwé náà wà lọ́wọ́ yín. Rosaire Quesnel kò ṣí káàdì kankan. Ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbẹ̀, ẹ kọ tèmi dípò rẹ̀, kí ẹ sì kà á sókè kí n tó jókòó.