Pátákó Ìyá Àmúdàtù

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Horatio Ọláolúwa fi gbé ọ̀rọ̀ kan sínú. Lọ́dún 1958, nígbà tí dókítà sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ kò lè gbé e dé Kérésìmesì, ó mọ̀ pé ó di dandan kí òun tú u jáde. Ó ní kí Winifred ìyàwó òun ránṣẹ́ pe ènìyàn méjì: Jimoh, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kánsù ní Ẹnu Ọ̀wá, àti Sàdíátù, ọmọ olóògbé Àmúdàtù. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tó fi dá ìkíni mọ́ wọn lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ má kí mi kú àìsàn. Irọ́ ni mo pa fún gbogbo ìlú, n kò sì fẹ́ kí ó bá mi wọ sàréè."

Horatio ni kánsù kọ́kọ́ fi ṣọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Yàrá mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n wọn kì í gbowó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìlú sì sọ ọ́ di tiwọn. Àwọn Àgùdà gbé irin iṣẹ́ tí àwọn bàbá wọn fi mọlé wá síbẹ̀. Àwọn apẹja gbé àjẹ̀ àtijọ́ wá. Lẹ́yìn ìrun ọjọ́ Ẹtì, ìyá ẹlẹ́ja a fa ọmọ rẹ̀ wọlé, a nawọ́ sí àjẹ̀ kan lára ògiri, a ní, "Bàbá mi àgbà ló ni í," ọmọ náà a sì gbé àyà sókè. Nígbà tí wọ́n kéde pé wọ́n máa wó àdúgbò láti tún un kọ́, àwọn tó ń gbé ẹrù wá pọ̀ sí i, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ìrántí ilé wọn má bàa bá àlàpà lọ.

Àmúdàtù wà lára wọn. Pátákó tí bàbá rẹ̀ àgbà fín ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sí, tó ti wà lókè ilẹ̀kùn wọn láti ìgbà láéláé, ló rù wá lórí. Ó ní, "Ọ̀gá Horatio, ilé lè wó, kí èyí má ṣe wó. Mo fi lé yín lọ́wọ́."

Horatio mí kanlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Wọ́n ní ajá kì í jẹ egungun tí a so mọ́ ọn lọ́rùn. Èmi jẹ ẹ́. Adolphus ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá ìyá rẹ, Sàdíátù, du ilẹ̀ tí ilé yín wà lórí rẹ̀. Ó wá bá mi, ó ní, 'Pátákó yẹn nìkan ni ẹ̀rí tí wọ́n ní, òun ló dí wa lọ́nà. Ṣé kánsù ni yóò sin ọ́ ni, àbí èmi?' Mo kọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé pátákó náà wálé."

Jimoh dìde fùú. "Ẹ gbé e wálé? Kí lẹ fi ṣe?"

"Mo là á. Àárọ̀ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ àtúnkọ́ àdúgbò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Òun ni wọ́n fi dáná omi gbígbóná tí mo fi wẹ̀ kí n tó lọ búra."

"Yéè!" Winifred, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbá àyà mú. "Igi yẹn? Horatio, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣáná sí i!"

Horatio kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó sọ bí òun ṣe gbé Bíbélì sókè níwájú ìgbìmọ̀, tí òun ní Àmúdàtù kò gbé nǹkan kan wá rí. Ó sọ bí ìyá arúgbó náà ṣe rọra sún mọ́ òun, tó ní, "Ọ̀gá Horatio, ẹ wo ojú mi, kí ẹ tún un sọ." Òun wo ojú rẹ̀, òun sì tún un sọ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá ti ń ṣarán. Adolphus gba ilẹ̀, wọ́n kó Àmúdàtù lọ sí Sùúrùlérè, kò sì lo ọdún kan níbẹ̀ tó fi kú.

Sàdíátù sún àga rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ìyá mi ń pariwo pé òun gbé e fún yín. Èmi, ọmọ tó bí, ni mo sọ fún un pé, 'Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ gbàgbé ibi tí ẹ gbé e sí.' Ìgbà yẹn ló dákẹ́. Kò bá mi sọ ọ́ mọ́ títí tó fi kú."

Horatio bú sẹ́kún. Ó fa bébà kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí pátákó náà kọ́kọ́ dé, ó ti tẹ́ ojú ìwé kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ kánsù lé e, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì ra á títí gbogbo fínfín rẹ̀ fi hàn lórí bébà náà. Ó fa ojú ìwé náà ya kí Jimoh má bàa rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e láti sun ún. Àfáà ará Ìjẹ̀bú kan ló kà á fún un lóṣù tó kọjá.

"Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀," ni ó wí. "'Èmi Bùsàrí ni mo kọ́ ilé yìí. Mo fún Herbert ọ̀rẹ́ mi, tó ti Sàró dé láìní ibi tí yóò forí lé, ní ìdajì ilẹ̀. Kí ọmọ ẹnì kan má ṣe lé ọmọ ẹnì kejì.' Herbert yẹn ni bàbá mi àgbà. Àwọn tí a jí ilẹ̀ wọn, àwọn náà ló ti fún wa ní ìdajì rẹ̀ tipẹ́."



Horatio ní òun ti kọ ìwé sí ìgbìmọ̀, òun ti fọwọ́ sí i, kí Sàdíátù lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà. "Dárí jì mí. Jimoh, sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá fi ṣọ́ ohun ìlú pé kí wọ́n má rò pé igi lásán ni. Ènìyàn ni mo là tí mo fi dáná."

Sàdíátù gba bébà náà, ó wò ó pẹ́, ó sì nà án sí Jimoh. "Ẹ gbé e kọ́ síbi tí ìyá mi fẹ́ kó wà. Kí ẹ kọ gbogbo ohun tí bàbá yìí ṣe sábẹ́ rẹ̀, àti ohun tí èmi náà sọ."

Ó wé ìborùn rẹ̀. Horatio na ọwọ́ sí i, kò gbà á. "Lọ́jọ́ Ẹtì," ó sọ fún Jimoh, "n óò kó àwọn ọmọ mi wá kà á." Ó sì jáde lọ, láìdágbére.