Owó Fàdákà Tí Mo Fi Òjé Pààrọ̀

N kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Àmọ́ ìyá arúgbó kan ń gbààwẹ̀ nítorí mi báyìí, ara wọn kò sì gbà á mọ́. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì ní owó fàdákà mẹ́fà tí bàbá ńlá wa fi sílẹ̀. Owó Sípéènì ayé àtijọ́ ni, orí ọba kan wà lára wọn. Ọmọbìnrin ilé wa tó bá ń lọ ilé ọkọ yóò di ọ̀kan mú títí àdúrà yóò fi parí, yóò sì dá a padà. Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá mi, ló ń tọ́jú wọn. Lẹ́yìn ìyàwó ọjọ́ náà, ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kàn án.

Iṣẹ́ fàdákà ni mò ń ṣe ní Bẹẹrẹ. Nígbà tí oríkèé ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìyá Àgbà, wọ́n kó owó náà fún mi ní bòókẹ́lẹ́ pé kí n bá wọn dán an. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi ní ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, n kò rí ọ̀nà mìíràn. Mo ta márùn-ún fún àjèjì kan tó ń ra nǹkan àtijọ́. Mo fi ìkẹfà tẹ amọ̀, mo yọ́ òjé pọ̀ mọ́ fàdákà díẹ̀, mo sì rọ mẹ́fà mìíràn, mo kó wọn padà fún Ìyá Àgbà.

Ìyàwó mi kú síbẹ̀.

N kò mọ̀wé nígbà náà. Orí ọba kan náà ni mo rí lára gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n kọ yí i ká, ọ̀ṣọ́ ni mo pè é. Ọmọ mi obìnrin pàápàá di òjé mú lọ́jọ́ yìgì rẹ̀, lójú mi.

Lóṣù tó kọjá, Mọ́gàjí wa, olórí ilé, pe olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó mọ̀ nípa owó àtijọ́, kó wá sọ bóyá ojúlówó ni. Gbogbo ilé péjọ. Ó wọ̀n wọ́n, ó sì fi awò wò wọ́n.

"Mọ́gàjí, ẹ má bínú. Etí ojúlówó máa ń ní ọnà, ti èyí dán bọ̀rọ́. Ọdún kan ṣoṣo ló sì wà lára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba: àpá kan náà, lójú kan náà."

Ìyàwó ilé kan ní, "Àṣé ọmọ Ìbàdàn ni! Wọ́n ti kọlà fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mọ́gàjí kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ìyá Àgbà. "Ìyá, ta ló fọwọ́ kàn án?"

Ìyá Àgbà wò mí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wá fi Kùránì búra pé kò sí.

Mọ́gàjí gba kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́ wọn. Ìyá Olójèé ni àwọn ìyàwó ilé ń pè wọ́n lẹ́yìn báyìí.

Lánàá, mo gbé ògì lọ fún wọn lọ́sàn-án. Wọ́n ní àwọn ń gba ààwẹ̀ ìtánràn fún ìbúra èké. Wọ́n ti gba ọjọ́ mẹ́ta tó yẹ, wọ́n ní ọkàn àwọn kò tíì balẹ̀. Mo béèrè ohun tó mú wọn búra.

"Lásísì, ṣé kí n dárúkọ rẹ ni? Wọ́n á ní ìwọ oníṣẹ́ fàdákà lo jí i. Ikú ìyàwó rẹ tó ọ. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n tún parọ́ mọ́ ọ."

Mo gbé ògì mi, mo jáde.

Ìkẹfà, ojúlówó kan ṣoṣo tó kù, ṣì wà nínú gèlè ìyàwó mi. Mo ti tú u lẹ́ẹ̀mẹta kí n lè gbé e lọ fún wọn, mo sì tún dì í padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èwo ni yóò pa ìyá yìí: ebi tí wọ́n ń fi ara wọn pa nítorí mi ni, tàbí kí wọ́n mọ irú ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ búra?