Ibùsùn Ọmọ Tó Ti Ojú Títì Wá

Àpá eyín, Àǹtí mi! Àpá eyín ọmọ ọlọ́mọ ló wà lára igi ibùsùn tí àbúrò yín gbé wọlé, tó ní kí àkọ́bí wa máa sùn nínú rẹ̀! Mo fi ọwọ́ ara mi kàn án, mo kà á: mẹ́rin lókè, méjì nísàlẹ̀. Ṣíọ̀! Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ tọ́ ọkọ mi dàgbà, ẹ̀yin tí mò ń pè ní ìyá ọkọ, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi léèrè lórí fóònù yìí: ṣé ọwọ́ yín ló ti kọ́ ọ pé kí á máa ṣa ohun tí ẹlòmíràn dànù, kí á sì máa rù ú wálé bí ẹrù ìyàwó?

Ẹ ní ibo ló ti rí i? Ojú títì ni! Àwọn ará ìlú òkèèrè tí a kó wá yìí kì í rìn lọ sí ààtàn. Bí àga bá ti sú wọn, wọn a gbé e síta láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ akólẹ̀ a wá kó o lálẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ akólẹ̀ tó dé, Tíṣà ọkọ mi ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà àgbà, tí kì í jẹ ọbẹ̀ àná nílé, tó máa ń fi áńkáṣífù nu ìjókòó kó tó fìdí lé e! Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, igbá ara rẹ̀ ló rù délé. Ti àbúrò yín, igbá onígbá ni.

N kò jiyàn lórí tábìlì tó kọ́kọ́ gbé wálé o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, orí ilẹ̀ la ti ń jẹun. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ tábìlì, ọ̀rọ̀ parí. Àga ló tẹ̀lé e, àga tí ológbò ti tọ̀ sí títí ìtọ̀ fi di ara igi! Mo ní kó gbé e jáde, ó ní bí a bá ṣí fèrèsé, òórùn á lọ. Òórùn kò lọ. Àwa la fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló gbé fóòmù dé. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ti fóòmù. Rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìdun! Ìdun, Àǹtí mi, tó tò sí ojú rírán fóòmù bí ọmọ ilé-ìwé tó tò lórí ìlà ní òwúrọ̀! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń họra níwájú ọ̀gá mi níbi iṣẹ́.

Èmi! Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlá ṣe wolé-wolé, tí àwọn ìyálé ilé máa ń sáré da omi tó ní tanwíji nù bí wọ́n bá ti gbọ́ bàtà mi! Èmi tí mo gbé onílé lọ sí kóòtù nítorí ṣáláńgá! Lónìí, ibùsùn àlejò ni mò ń tẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì láti àárọ̀, aṣọ funfun báláú, irun ẹyọ kan kò gbọdọ̀ wà lórí rẹ̀. Bí mo bá padà dé ilé tèmi, ààtàn ni mò ń wọ̀.

Ẹ ní kí ni? Kí n ro tirẹ̀ náà? Mo rò ó, Àǹtí. Mo mọ̀ pé wọn kò ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí níhìn-ín, pé páálí ló ń tò ní ilé ìkẹ́rùsí, pé ẹni tó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó yára. Ní ọjọ́ ìjà fóòmù, orí àga ológbò yẹn ló jókòó sí, ó ní, "Wolé-wolé, nǹkan tí wọ́n bá gbé síta kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Àbí èmi náà ti bàjẹ́ ni?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, Ọlọ́run ń gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ní, "Tíṣà, ìwọ kò ní ìdun."

Ibùsùn ọmọ yìí ni n kò gbà. Ọdún mẹ́sàn-án la fi wo ojú Ọlọ́run. Ẹ̀yin gan-an lẹ bá mi sunkún. Oyún pé oṣù mẹ́jọ wàyí. Mo gbé tìmùtìmù inú ibùsùn náà sókè, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ni mo bá lábẹ́ rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo. Ọmọ tó ni ín dà? Ẹ ní ó ti dàgbà? Ta ló sọ fún yín? Mo kàwé o, n kì í gba ohun asán gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí mo fi omijé tọrọ kò ní sùn nínú ohun tí n kò mọ ìtàn rẹ̀. Kí a tiẹ̀ ti ọ̀rọ̀ ẹ̀rù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdọ̀tí ni! Itọ́ ọmọ ọlọ́mọ ti gbẹ mọ́ igi!

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Ní Ọjọ́bọ̀, bí ó ti jáde lọ síbi iṣẹ́, mo bẹ awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, ó bá mi sọ ibùsùn náà kalẹ̀ láti àjà kẹta, ó gbé e dé òpópónà kẹta. Mo gbálẹ̀, mo fi oògùn apakòkòrò nulẹ̀, mo mí kanlẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ gbà-gbà-gbà lórí àtẹ̀gùn. Tíṣà ló wọlé, ibùsùn lórí, òógùn lójú, ẹ̀rín lẹ́nu! Ó ní, "Wolé-wolé, wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Mo tún rí òmíràn, bákan náà ni wọ́n rí! Bóyá ìbejì lo lóyún tí a kò mọ̀!" Ó wọ yàrá láti gbé e ti èkínní. Ó wo ibi tó ṣófo. Ó pariwo, ó ní, "Olè ti jà wá o!"

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rín tán.

Ẹnu mi kò ràn án mọ́, ni mo bá ṣe iṣẹ́ tí mo kọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ìwé ìkìlọ̀ bí mo ti ń kọ ọ́ fún onílé onídọ̀tí: "Sí baálé ilé yìí. A rí ohun ìríra nínú yàrá rẹ. Kó o jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òfin yóò mú ọ." Mo buwọ́ lù ú, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀la ni ọjọ́ mẹ́ta pé, ìdí rèé tí mo fi pè yín. Ẹ̀yin nìkan ló ń bẹ̀rù láyé. Ẹ sọ fún un. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́la tí ibùsùn yẹn ṣì wà níbẹ̀, èmi àti oyún inú mi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyàwó awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni n ó bímọ sí, kí ẹ wá máa ṣàlàyé fún ẹbí.

Kí ló ṣe sí ìwé ìkìlọ̀? Ẹ béèrè! Ó jókòó, ó kà á látòkè délẹ̀, ó fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ "ohun ìríra", ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Méje nínú mẹ́wàá. Ó dára, ṣùgbọ́n ìbínú pọ̀ jù níbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, Àǹtí mi, n kò purọ́ fún yín, mo rín títí ọmọ fi tàpá nínú mi. Àfìgbà tí mo rántí pé a kò ní bírò pupa nílé wa. Mo ní, "Tíṣà, bírò yẹn ńkọ́?" Ó dojú bolẹ̀. Ṣíọ̀! Ojú títì náà ló ti ṣà á!