Ẹlẹ́rìí Ààwẹ̀ Bàbá Karimou

Ọ̀rọ̀ tí Chérifatou ti ń gbé mì láti ààwẹ̀ èṣí, ọ̀sán òní ló gbọ́dọ̀ jáde, ì báà jẹ́ pé òun ló máa lé e kúrò nílé ọkọ. Kaoussara, ọmọ rẹ̀, wà lórí ẹní ní yàrá Bàbá Karimou, bàbá ọkọ rẹ̀. Láti àná ni inú ti ń ṣe ọmọbìnrin náà, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ètè rẹ̀ ti sán, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, síbẹ̀ kò fẹ́ fẹnu kan omi, torí ààwẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Ooru mú ní Tchatchou lọ́jọ́ náà, páànù ń ta pápá lókè wọn. Saïd, ọkọ Chérifatou, wà lóko kájú lọ́nà Bétérou, kò sẹ́ni tó máa bá a dá sí i.

"Mu díẹ̀," Chérifatou ń bẹ̀ ẹ́, ife omi tó fi iyọ̀ àti ṣúgà sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè. Wàá san ọjọ́ náà padà tára rẹ bá yá."

"Mama, non. Irú àìsàn yìí gan-an ló ṣe Bàbá àgbà, wọ́n sì gba ààwẹ̀ wọn dé ìrọ̀lẹ́. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ wà níbẹ̀."

Bàbá Karimou rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí tó ń fa tẹ̀sùbáà. Ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. "Má fipá mú un. Ọlọ́run tó mú èmi là á já á mú òun náà là á já. Kaoussara, bi ìyá ẹ léèrè dáadáa, òun ni ẹlẹ́rìí mi."

Ẹlẹ́rìí! Láti èṣí ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, lójú àlejò, níbi ìsọmọlórúkọ. Bó bá ti pè é, Chérifatou a doríkodò, àwọn èèyàn a ní ìyàwó yìí mà mọ ìtẹríba o. Ìtẹríba wo? Ìtìjú ni! Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ọmọ rẹ̀, kò rí ibi tó máa gbà sá. Bó bá dákẹ́, omi ara ọmọ á tán. Bó bá sọ̀rọ̀, iyì àgbàlagbà yìí á wọ́lẹ̀. Obìnrin burúkú, ó ń bú ara rẹ̀ nínú, ìwọ lo so okùn yìí, ọrùn ọmọ rẹ ló wá bọ́ sí.

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ẹ ò gba ààwẹ̀ ọjọ́ náà dé ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo tàn yín."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Bàbá Karimou.

Chérifatou mọ̀ pé bí òun bá sinmi, òun ò ní lè sọ ìyókù mọ́, ló bá ń tú u sílẹ̀. "Ẹ ò lè dìde jókòó mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo fa awọ ọwọ́ yín, kò tètè padà sípò. Mo bẹ̀ yín kí ẹ mu omi, ẹ ní ẹ kúkú fẹ́ kú pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Mo yá fóònù pọtábù Hawaou, ọmọ yín, torí ìpè ìrun wà nínú rẹ̀. Ó ní, 'Ìyàwó wa, lọ́jọ́ tọ́rọ̀ yìí bá jáde, má dárúkọ mi o.' Mo fi aṣọ bo fèrèsé, mo jẹ́ kí pọtábù pe ìrun lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo wá gbé ife wọlé, mo ní ilẹ̀ ti ṣú, kí ẹ ṣínu. Oòrùn ṣì wà lókè gangan. Ẹ bi mí pé kí ló dé tómi fi níyọ̀ nínú, mo ní oògùn ni. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fún yín. Tí ẹ bá bì í, mo dúró, mo tún fún yín. Ì bá dáa ká ní ibẹ̀ ló parí sí! Ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ ṣàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni má tàn mí jẹ láéláé, mo sì ṣe àmín. Ẹ ní kí n gbé omi àlùwàlá wá, mo gbé e wá. Ẹ kírun ìrọ̀lẹ́ lọ́sàn-án gangan, mo dúró, mò ń wò yín. Nígbà tí ládàánì wá pè ní tòótọ́, mo ní ìrun Ìṣáì ni. Ọjọ́ kan wà lọ́rùn yín tí ẹ ò san, torí ẹ ò mọ̀ pé ẹ jẹ ẹ́."

Kaoussara ń wo bàbá àgbà. Bàbá Karimou gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀.

"Irọ́ ni mo wá ń pa ní mọ́ṣáláṣí láti ọjọ́ yìí."

"Irọ́ tèmi ni, Bàbá."

"Ẹnu tèmi ló ń gbà jáde." Ó na ọwọ́. "Ife ọ̀hún dà?" Chérifatou gbé e lé e lọ́wọ́. Ó fọwọ́ wá ẹnu ọmọ náà títí tó fi kàn án. "Mu ún. Èmi náà mu ún."

Kaoussara mu ún. Ó bì í lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró, wọ́n tún fún un, èyí ò sì padà wá. Nígbà tí ọjọ́ fi máa rọ̀, ó ti tọ̀, ó ti lè fẹ̀yìn ti ògiri. Chérifatou bú sẹ́kún.

"Má sunkún mọ́," Bàbá Karimou wí. "Mo ti forí jì ẹ́. Bí ààwẹ̀ bá tán, màá san ọjọ́ mi."

Ládàánì pe ìrun. Chérifatou gbé omi ìṣínu wá, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, wọ́n ti pè."

Ó gba ife, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò gbé e sẹ́nu. Ó kọjú sí ibi tí ọmọ wà.

"Kaoussara, bá mi wo ìta. Ṣé oòrùn ti wọ̀?"

Ọmọ náà na ọrùn sí fèrèsé. "Ó ti wọ̀, Bàbá àgbà."

Ìgbà yẹn ló tó mu omi.