Bí Mo Ṣe Pa Clement Nadeau Níwájú Gbogbo Ìlú

Ẹ̀yin ará Haskett, ẹ gbé ife kọfí yín sílẹ̀ ná. Ẹ gbé páì tó wà lẹ́nu yín mì, kí ẹ sì fetí sí mi. Lọ́la ni a ó hú àpótí irin tí a rì sábẹ́ òpó àsíá ní ọdún 1957, tí alága ìlú yóò sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé gbọ́ ohun tí a sọ nípa ara wa. Kí irọ́ yẹn tó jáde lọ́la, ẹ jẹ́ kí òótọ́ ṣíwájú rẹ̀ lónìí. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi kò ní bá yín kórè àgbàdo ọdún yìí, ẹni tí ikú sì ti jókòó sí ìloro rẹ̀ kò ní ohun tó ń bò mọ́. Èmi Virgil Haskett, tí ẹ ń pè ní Bàbá Virgil, tí ìlú yìí ń jẹ́ orúkọ bàbá ńlá rẹ̀, èmi ni mo pa Clement Nadeau. Kì í ṣe ọtí ló pa á, kì í sì í ṣe àṣìṣe. Ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n yìí ni, nígbà tí kò tíì máa gbọ̀n.

Ẹ̀yin ọmọdé kò mọ ọdún náà. Ìlú pé ọgọ́rùn-ún ọdún, a sì pàṣẹ pé ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ fá irùngbọ̀n títí ayẹyẹ yóò fi parí, kí a lè jọ àwọn tó tẹ ìlú dó. A ṣe òkú abẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, abẹ ìfárùngbọ̀n: a tẹ́ ẹ sínú pósí kékeré, pásítọ̀ gbàdúrà lé e lórí, onígbàjámọ̀ sì sunkún tọkàntọkàn, nítorí òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà dùn. Ọkùnrin tí a bá rí tí àgbọ̀n rẹ̀ dán, a ó wọ́ ọ lọ sí kóòtù àwàdà níwájú báǹkì, a ó dá a lẹ́bi, a ó sì jù ú sínú ọpọ́n ńlá tí ẹṣin ti ń mu omi. Bí eré bí eré, àlàbọ́rùn ń di ẹ̀wù.

Clement Nadeau ló ń bá wa tún katakata ṣe. Ọmọ Potawatomi ni, ọmọ àwọn tó ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí àwọn baba wa tó dé. Irun kì í hù lágbọ̀n rẹ̀, bí kò ṣe hù lágbọ̀n bàbá rẹ̀. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. A sì wọ́ ọ wá síbẹ̀síbẹ̀. Dwight Ollman, alága ìlú nígbà náà, ni adájọ́. Ó fi aṣọ ìdáná ìyàwó rẹ̀ kọ́rùn. "Ọ̀daràn," ló wí, "irùngbọ̀n rẹ dà?" Clement tẹríba bí ẹni wà níwájú ọba. "Olúwa mi, mo gbìn ín, kò hù. Ẹ bù fún mi nínú tiyín, tiyín ti pọ̀ débi tí ẹyẹ lè yé sí i." Ẹ̀rín pa wá títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Ollman fi òòlù lu tábìlì. "Mo dá ọ lẹ́bi! Omi kò tó ìjìyà rẹ. Ìwọ ni yóò ṣe olè ẹṣin nínú eré ìtàn ìlú." Ẹ̀rín kú lẹ́nu Clement. Olè ẹṣin tí à ń wí yìí, Antoine Nadeau ni, bàbá tó bí bàbá bàbá rẹ̀. Bàbá ńlá tèmi, Ezra Haskett, ló so ó rọ̀ sórí igi etí odò ní ọdún tó tẹ ìlú dó. Clement ní, "Ẹ fẹ́ kí n dúró síbẹ̀ kí n jẹ́wọ́ olè fún bàbá mi?" Floyd Purdy, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Eré ni, Clem! Àbí okùn ń dẹ́rù bà ọ́? Ṣebí ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín!" Ẹ̀rín tún ta. Clement wò wá yíká. "Ó dáa. Màá ṣe é. Ẹ ṣáà máa tẹ́tí."

Bí a ṣe ń ṣe ìso náà nìyí. Ìgbànú awọ kan wà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ tó gba abẹ́ apá àti àyà, òrùka irin sì wà lẹ́yìn ìgbànú náà, tó yọ síta láti ihò kan lẹ́yìn ẹ̀wù. Ìkọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹ̀ka igi. Bí ìkọ́ bá ti wọnú òrùka, ìgbànú ni yóò gbé e nígbà tí ẹṣin bá fa kẹ̀kẹ́ ẹrù kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Okùn ọrùn kò ní fún un rárá. Floyd ló ń di ìjánu ẹṣin mú. Èmi ni mò ń ṣe Ezra, èmi ni mò ń dúró lẹ́yìn Clement, èmi nìkan ni mò ń fọwọ́ kan ìkọ́ náà. Ẹ̀mí rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì mọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ṣe eré náà. Ọjọ́ kìíní lọ geere. Ó ní "Mo jẹ̀bi," ó ta pàrà nínú afẹ́fẹ́, ó yọ ahọ́n síta, inú àwọn ọmọdé dùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, níbi tó ti yẹ kó ní òun jẹ̀bi, ó gbójú sókè sí àwọn èrò. "Antoine Nadeau kò jalè. Òun ló ni ẹṣin náà. Ilẹ̀ etí odò ni Ezra Haskett ń fẹ́. Antoine kò tà á, ni Ezra bá pa á." Obìnrin kan wá pariwo pé, "Ẹ so ó rọ̀ jàre, kí etí wa sinmi!" ni ẹ̀rín bá tú ká. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú nípa ara mi: mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Bàbá bàbá mi ti tú u sí mi létí nínú àká ọkà ní ọjọ́ kan tí ọtí ń pa á. Irọ́ tí wọ́n bá pa mọ́ èèyàn kì í bí i nínú tó òótọ́ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwa ṣu, a tún fẹ́ kí ẹni tó kó o bá wa gbàgbé.

Ollman fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Virgil, orúkọ ilé yín ni ọmọ yẹn fi ń nulẹ̀. Ṣé ìwọ á wulẹ̀ máa wò ó bí àgùntàn ni?" Èmi àti Floyd lọ bá Clement nídìí katakata tó ń tún ṣe. Mo ní, "Clem, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Floyd ká a lápá mọ́ ẹ̀yìn, mo sì fi sípánà gbá a lẹ́nu. Eyín rẹ̀ já bọ́ sínú epo dúdú tó wà nílẹ̀. Nígbà tó ṣubú, mo fi bàtà lu egungun ìhà rẹ̀ títí mo fi gbọ́ tí nǹkan dún bí igi gbígbẹ. "Kí lo máa sọ lọ́la?" ni mo bi í. Ó tu ẹ̀jẹ̀ sí bàtà mi. "Èyí tí mo sọ lónìí náà ni. Ṣùgbọ́n màá rọra sọ ọ́, torí ẹ ti dín eyín mi kù." Floyd rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé òun rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rù mi kò bà á.

Ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ tí a ó rì àpótí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ka iwájú mi, torí èmi ọmọ Haskett ni wọ́n yàn láti bá àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sọ̀rọ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ lọ́la bí ìpẹtà kò bá tíì jẹ ẹ́. Mo ní, "Ẹ̀yin tí ojú wa kò ní rí, a kí yín. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ èyí, orí òṣùpá ni ẹ ó ti máa jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Àrùn jẹjẹrẹ á ti di ìtàn. Ẹnikẹ́ni kò ní gbé ọwọ́ sókè sí ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ láyé, nítorí ẹ ó ti rí ìwà rere kọ́ lára àwa baba yín." Ẹ̀jẹ̀ Clement ṣì wà lára okùn bàtà mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Oòrùn ń rọlẹ̀ nígbà tí Clement gun kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ẹnu rẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Ó sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, tòun ti orúkọ Ezra, bí ètè rẹ̀ tilẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn kan ń hó lé e lórí, àwọn kan ń sọ èèpo ẹ̀pà lù ú. Ìkọ́ wà lọ́wọ́ mi, òrùka wà níwájú mi. Ẹ má ṣe bá mi wí pé ìbínú ló fọ́ mi lójú. Ojú mi ríran kedere. Mo rò ó, mo sì tún un rò. Mo jẹ́ kí ìkọ́ náà yọ̀ kọjá lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀. Clement ti mọ bí irin ṣe máa ń dún bó bá wọnú irin. Kò gbọ́ ọ. Ó yí orí díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń rán ọ̀rẹ́ létí ohun tó gbàgbé: "Virgil, o ò tíì kọ́ ọ." Mo ní, "Mo ti kọ́ ọ." Mo sì ju pàṣán sí ẹṣin lẹ́yìn.

Kẹ̀kẹ́ yọ lábẹ́ rẹ̀. Ibi tó já sí kò jìn tó láti ṣẹ́ ọrùn, fífún ni okùn ń fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀. Ó já ọwọ́ rẹ̀ tí a dè fún eré gbà, ó ń fi èékánná ya ọrùn ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọnú kọ́là. Ojú rẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó dúdú. Ẹ sì ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin àgbà inú yín, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un! "Ọmọ yìí mà mọ eré ṣe o!" Ẹnìkan fun fèrè. Rosalie, àbúrò rẹ̀ obìnrin, nìkan ló mọ̀. Ó fo ọgbà kọjá, ó ń sáré bọ̀, ó ń ké pé, "Kì í ṣe eré! Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè! Kì í ṣe eré!" Ẹ rò pé ó wà nínú eré. Ibí yìí gan-an ni ọ̀run àpáàdì mi ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní mo yà fún un ni, Clement ìbá yè. Mo gbá a mú ní irun. Mo là á mọ́lẹ̀, mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, mo sì fi ohùn Ezra ké sí yín pé, "Ẹ wo ìyàwó olè!" Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo dúró lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ tó wà lókè fi dákẹ́.

Kí wọ́n tó já okùn, Ollman ti da wisikí sí i lẹ́wù. Òun, èmi àti Floyd búra pé Clement ti mutí yó, pé ó kọ̀ kí a kọ́ ìkọ́ náà fún un. Rosalie sọ ohun tó rí fún ọlọ́pàá. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú. Láti ọjọ́ náà, bí ọmùtí kan bá ṣubú nílùú yìí, ẹ̀yin a ní, "Ó fẹ́ ṣe bíi Clem." Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, Ezra jẹ tirẹ̀ tán, èmi ló gbé igbá náà lé lórí, èmi náà sì tún fẹ́ gbé e lé ọmọ yín.

Ọjọ́ iwájú tí mo bá sọ̀rọ̀ ti dé, ẹ̀yin ni. Mi ò rí ẹni tó ń jẹun lórí òṣùpá. Jẹjẹrẹ ló ń jẹ ẹ̀dọ̀ mi. À ń wo ogun nínú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù, a sì ń bu gúgúrú jẹ. Nígbà míì mo máa ń ro àwọn tí yóò jókòó síbí ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Bóyá wọ́n á máa fò. Bóyá irin ni ọkàn àyà wọn yóò jẹ́, tí kò ní í dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dúró lẹ́yìn ẹnìkan nínú wọn, tí ẹ̀mí ẹni iwájú sì wà lọ́wọ́ ẹni ẹ̀yìn, kí ni yóò ṣe? Gbogbo ọgbọ́n ayé kò dáhùn ìyẹn fún mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wakọ̀ lọ bá Rosalie láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Mayetta. Ó ń bó ẹ̀wà tútù níwájú ilé. Kò dìde. "Virgil Haskett. Mo ti rò pé o ti kú." "Ó ku díẹ̀," ni mo fèsì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. "Kí lo sọ tí mi ò mọ̀?" ló wí. "Ṣé kì í ṣe ọrùn tèmi ni bàtà rẹ wà?" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. "Oorun lo wá gbà lọ́wọ́ mi. Kò sí oorun nílé yìí. Lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́." Mo ní màá sọ ọ́. Ó bó ẹ̀wà kan sínú abọ́, ó wò mí. "Wọ́n á ní àìsàn ló ń dà ọ́ lórí rú, bí wọ́n ṣe sọ tèmi. Ẹnu kan kò tó, Virgil. Ta ló tún rí i?"

Ìdí tí mo fi dìde láàrin yín nìyí. Antoine Nadeau kò jalè. Clement Nadeau kò mutí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àwọn àgbà bá ní kí ẹ fi ikú ẹnìkan ṣe eré, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọmọ ẹni tó kú náà bóyá òun ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má dúró kí ẹ̀dọ̀ yín jẹrà kí ẹ tó lẹ́nu. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè. Bí ẹ kò bá lè, ó tọ́ sí mi. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀gá ọlọ́pàá láàárọ̀ yìí, ó ń dúró dè mí, mi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n mo ń rí bí àwọn kan nínú yín ṣe ń wo ara wọn, pé arúgbó ti ń ṣarán. Rosalie náà ń rí i. Òun ló jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Clement ti lọ, Ollman ti lọ. Floyd Purdy, má wá fìlà rẹ kiri mọ́. Mo ti rí ọ láti ìgbà tí o ti fẹ́ yọ́ jáde. Ìwọ lo di ìjánu ẹṣin mú, o sì ń wo ọwọ́ mi. Yí ojú sí obìnrin yẹn, Floyd, kí o sì sọ fún un ibi tí ìkọ́ náà wà nígbà tí mo ju pàṣán.